Xeon méjì tòkunbọ̀ àbí Core i9 kan ṣoṣo: èwo ni kí n rà?

Kámẹ́rà_Ìbàdàn kọ:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Fídíò ìgbéyàwó ni iṣẹ́ mi, Bódìjà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Láápútọ́ọ̀pù mi, Core i7 ìran kẹjọ, ti fẹ́ yọ ẹ̀mí mi. Bí mo bá gbé fídíò ọjọ́ kan sórí Premiere (ètò tí mo fi ń gé fídíò) tí mo ní kó máa lọ, á rìn díẹ̀, á dúró, á fò. Ìyàwó á ti pa ẹnu dé kí "bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà" tó jáde. Oníbàárà mẹ́ta ló ń fi ìpè da mí láàmú báyìí.

Mo ti tọ́jú owó díẹ̀. Mo dé Computer Village ní Ìkẹjà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohun méjì ni mo rí tí owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èkíní, workstation (kọ̀ǹpútà iṣẹ́ ńlá) tòkunbọ̀ kan tó ní pírósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, Xeon E5-2680 v4 méjì nínú, RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí) 64GB. Core (òṣìṣẹ́ inú pírósẹ́sọ̀) 28, thread (iṣẹ́ tí wọ́n lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà) 56. Ẹni tó ń tà á ṣí Task Manager, ojú ewé Windows tó ń fi iṣẹ́ inú ẹ̀rọ hàn, hàn mí, àpótí kéékèèké kún ojú kọ̀ǹpútà bí afárá oyin. Orí mi wú. Èkejì, èyí tí wọ́n máa tò fún mi: Core i9-12900K, core 16, thread 24, RAM 32GB. Mo ti ní káàdì àwòrán, RTX 3060, inú èyí tí mo bá rà ni yóò wọ̀.

Ká sọ òótọ́, ọkàn mi ti wà lọ́dọ̀ Xeon yẹn. Ṣebí 28 ju 16 lọ? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ mi.

ỌmọOtigba kọ:

Bọ̀ọ̀dá, mi ò tíì sọ èyí tí ẹ máa rà o. Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò ni mo fẹ́ sọ. Èmi náà ń tà wọ́n, mo mọ ohun tí ojú ń rí níbí. Ẹni tó bí ọmọ sókè òkun ló ń sọ ọ́ ní Tòkunbọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń jẹ́ orúkọ yẹn, ẹ bi í léèrè ohun tí ó ṣe lọ́hùn-ún.

Àkọ́kọ́, orúkọ Xeon nìkan kò jẹ́ nǹkan kan. Xeon E3-1225 v3 wà lọ́jà yìí, core 4, thread 4, wọ́n sì ń fi sítíkà Xeon iwájú rẹ̀ pe owó gọbọi. E5-1620 v3 náà, core 4 ni. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager ṣí, ẹ lọ sí Performance, ẹ wo "Sockets" (iye pírósẹ́sọ̀), "Cores" àti "Logical processors" (thread) fúnra yín. Méjì ni wọ́n ní àwọn ń tà fún yín, "Sockets" gbọ́dọ̀ jẹ́ 2.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n tú irin ìtutù orí rẹ̀ kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n tú u. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ kí wọn, ẹ máa lọ. Ẹ mú tíṣù, ẹ nu ìpara orí pírósẹ́sọ̀ náà, ẹ wá ka ohun tí wọ́n fín sára irin rẹ̀. Ẹ ó rí XEON, ẹ ó rí E5-2680 V4, ẹ ó sì rí SR2N7. Bó bá jẹ́ INTEL CONFIDENTIAL ni wọ́n kọ síbẹ̀ tí ẹ ò rí nọ́ńbà, èyí tí wọ́n fi dán iṣẹ́ wò kí ojúlówó tó jáde ni, kò yẹ kó dé ọjà rárá. Ó lè ṣiṣẹ́ lónìí kí BIOS (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí ẹ̀rọ bí ẹ bá tàn án) tuntun má dá a mọ̀ lọ́la. Bí ìpara náà bá sì ti gbẹ bí ẹ̀kọ àná, ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn ti pẹ́ nínú ooru.

Ẹ wá ka ṣípù dúdú tó wà lójú kan igi RAM. Ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì sábà máa ń jẹ́ 8. Bó bá jẹ́ 9, ECC nìyẹn, RAM tó ń tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe. Bí ṣípù kékeré mìíràn bá tún wà ní àárín gbùngbùn, RDIMM ni, ti sáfà pọ́ńbélé, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń sin àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn. Mo ń sọ èyí torí àwọn tó máa ń rò pé àwọn á kó RAM Xeon sínú i9 tó bá yá. Bí bọ́ọ̀dù i9 bá jẹ́ oní-DDR4, irú RAM ti Xeon yìí, á wọ ihò rẹ̀ wẹ́kú. Ẹ̀rọ náà kò kàn ní tàn ni.

Jagun_3D kọ:

Xeon! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń lo E5 méjì, 3D ni mo ń ṣe, ẹ̀rọ náà kò tíì rọ̀ rí. Ohun tí wọ́n kọ́ láti máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru nínú yàrá sáfà, ṣé fídíò ìgbéyàwó ló máa wá borí rẹ̀? Bí mo bá tẹ rẹ́ńdà (kí ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ náà jáde ní àṣeparí), gbogbo core máa ń kún dé 100, èmi á sì máa jẹun mi.

Àwọn tó ń pariwo i9, ẹrú Intel ni wọ́n, sítíkà ni wọ́n ń sanwó fún. Ẹ ra Xeon, ẹ fi owó tó kù ra SSD, ibi ìpamọ́ fáìlì tó yára.

Àǹtí_Leeds kọ:

Jagun, rọra. Ẹni tó bèèrè ọ̀rọ̀ kì í ṣe 3D.

Níbi iṣẹ́ mi ní Leeds níbí, EPYC 9654, pírósẹ́sọ̀ sáfà ti ilé iṣẹ́ AMD, la fi ń ṣiṣẹ́ dátà: core 96 nínú ẹyọ kan ṣoṣo, wáàtì 360. Nílé, Ryzen 9 7950X, ti AMD fún orí tábìlì, ni mo ní, core 16 péré. Àmọ́ bí mo bá fẹ́ dán kóòdù kékeré kan wò, tilé máa ń dá mi lóhùn kí tibi iṣẹ́ tó gbérí. Core kan nínú tilé lè sáré dé 5.7GHz. Ti ilé iṣẹ́, 3.7 ló ga jù fún un.

Ẹ wo àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn. Ìbú tín-ín-rín tín-ín-rín ni wọ́n ń hun aṣọ òfì, wọn á wá rán ìbú mọ́ ìbú. Bí aṣọ ẹbí bá dé, tí ahunṣọ 28 jókòó ti òfì 28, iṣẹ́ á parí kíákíá. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìbú kan ṣoṣo lẹ jókòó dè, ahunṣọ kan náà ló máa hun ún, ẹni méjì kò lè jókòó sójú òfì kan. Àwọn 27 tó kù á máa tàkúrọ̀sọ. Rẹ́ńdà 3D ti Jagun, aṣọ ẹbí ni. Kí ẹ máa fa fídíò síwá sẹ́yìn, kí ẹ gé e, kí ẹ yí àwọ̀ rẹ̀ padà kí ẹ sì fẹ́ rí i lójú ẹsẹ̀, púpọ̀ nínú ìyẹn jẹ́ ìbú kan. Ọwọ́ ahunṣọ kan ló ń kà níbẹ̀.

E5-2680 v4, 2.4GHz ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí core kan bá dá ṣiṣẹ́, ó lè dé 3.3. Bí gbogbo wọn bá dìde pọ̀, bíi 2.9. i9-12900K ń dé 5.2. Ẹ má sì gbàgbé ọjọ́ orí: 2016 ni Intel gbé E5 v4 jáde, ìparí 2021 ni 12900K. Kódà bí GHz wọn bá dọ́gba, ohun tí core tuntun ń parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ pa méjèèjì pọ̀: core ńlá kan nínú i9 yẹn ń ṣe iṣẹ́ tó tó ìlọ́po méjì ti core kan nínú Xeon. Mo ní core ńlá o, torí 8 ńlá àti 8 kékeré ló wà nínú 16 yẹn. Síbẹ̀, nígbà tí gbogbo wọn bá jọ ń ṣiṣẹ́, 16 yìí kì í rẹ̀yìn sí 28.

Jagun_3D kọ:

Àǹtí, mo gbọ́, ẹ ṣeun. Àmọ́ èmi kì í jókòó ti rẹ́ńdà. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo ń tẹ̀ ẹ́, aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ń wò ó. Kí ló kàn mí bí core kan bá ń falẹ̀?

Ẹ sì fò ọ̀rọ̀ RAM. Ọjà alẹ́ kan wà tí mo ṣe ní 3D, pẹ̀lú páànù orí ṣọ́ọ̀bù, àtùpà, àwo ata, èèyàn bíi 400. Ó jẹ RAM 90GB kí rẹ́ńdà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ mi ní 128GB, ihò RAM mẹ́jọ ṣì ṣófo lára rẹ̀. i9 yín ń kọ́?

Àǹtí_Leeds kọ:

Ibẹ̀ yẹn, o jàre. 128GB ni Intel kọ fún 12900K. E5 v4 kan ṣoṣo ń gba 1.5TB. Ọ̀nà PCIe, tí káàdì àwòrán ń gbà bá pírósẹ́sọ̀ sọ̀rọ̀, náà bẹ́ẹ̀: 20 ló ń jáde lára i9, 40 lára Xeon kọ̀ọ̀kan, 80 lára méjì. Ẹni tó fẹ́ ki káàdì àwòrán mẹ́ta bọ inú àpótí kan, Xeon tàbí Threadripper (ti AMD fún workstation) ló máa gbà á. Ìyẹn kò kúkú jẹ mọ́ ẹni tó ní RTX 3060 kan.

Alábòójútó kọ:

Jagun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé pe ọmọ ẹgbẹ́ ní ẹrú Intel. Xeon tí ẹ ń gbèjà, Intel ló ṣe òun náà.

Bàbá_Sáfà kọ:

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tọ́jú sáfà, etí mi ọ̀tún kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́ nítorí fáànù. Mo ka gbogbo rẹ̀. Ẹ ti sọ ti eré sísá. Kò sí ẹni tó bèèrè ohun tó mú kí Xeon wọ́n nígbà tó jẹ́ tuntun.

Ní 2003, wọ́n fi kọ̀ǹpútà dìbò ní Schaerbeek, ní Brussels, orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù. Ìbò olùdíje kan ju iye tó ṣeé ṣe lọ. Wọ́n tún un kà, wọ́n bá a pé 4,096 ló fi lé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà á ti rẹ́rìn-ín: ẹ fi 2 ṣe ìlọ́po ara rẹ̀ títí yóò fi pé méjìlá, ohun tí ẹ máa bá nìyẹn. Bíìtì kan ṣoṣo nínú RAM ló yí láti 0 sí 1. Kò sí ẹni tó já àpótí gbà o! Ìtànṣán láti ojú ọ̀run ni àwọn olùwádìí fura sí.

Iṣẹ́ ECC nìyẹn. Fún gbogbo bíìtì 64, ó ń fi 8 ṣọ́ ọ, òun ni ṣípù kẹsàn-án tí ỌmọOtigba ní kí ẹ kà. Bí ẹyọ kan bá ṣì, á tún un ṣe wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí méjì bá ṣì, á figbe ta. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́: àwọn tó yẹ sáfà Google wò, tí ìwádìí wọn pẹ̀lú Yunifásítì Toronto jáde ní 2009, rí i pé igi RAM tó lé ní 8 nínú 100 ló ń ní irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan. Ilé ìfowópamọ́ kò lè fi ìyẹn ṣeré. Ní ti ìgbéyàwó, bí bíìtì kan bá yí, kókó kan lára gèlè ìyá ìyàwó á pọ́n díẹ̀ fún ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Tàbí kí ẹ̀rọ ṣàdédé kú, kí ẹ tún un tàn. Ta ló máa mọ̀?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nípa workstation tòkunbọ̀ ni ohun tó yí pírósẹ́sọ̀ ká. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sábà máa ń ṣe bọ́ọ̀dù àti páwà páàkì tó bá ara wọn nìkan mu. Ti ọ̀kan bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa lọ́dún kan, ní ọjọ́ Ẹtì, mo rántí dáadáa. Páwà páàkì tuntun kún orí àtẹ, ẹnu wáyà wọn kò bá ti bọ́ọ̀dù mu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wá a. Ọ̀gá mi ń bi mí lójoojúmọ́ bíi pé èmi ni mo gé wáyà náà. Bí ti i9 tí wọ́n bá tò fún yín bá kú láago mẹ́rin, kí aago márùn-ún tó lù ẹ ti rí òmíràn rà.

Windows náà tún wà níbẹ̀. Microsoft ti dá ìtọ́jú Windows 10 dúró láti 14 October 2025, E5 v4 kò sì sí nínú àwọn tí Windows 11 gbà. Àwọn ọmọ ọjà mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń yọ́ ọ wọlé. Ọgbọ́n ọjà ni, ẹ̀yin lẹ máa jẹ gbèsè rẹ̀.

Tìsà_CBT kọ:

Ẹ dákun, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Bàbá, ilé ẹ̀kọ́ wa ní Òṣogbo fẹ́ máa ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà fún ọmọ 60 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnìkan ní dandan ni ká ra sáfà oní-Xeon méjì, ó ní láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dákú. Ṣé lóòótọ́ ni?

Bàbá_Sáfà kọ:

Ọmọ 60 tó ń tẹ A, B, C, D? Core i5-12400 kan, core 6, á ṣe é, á sì máa sùn láàárín ìbéèrè méjì. Ẹ fi owó tó kù ra SSD méjì tí ọ̀kan jẹ́ ẹ̀dà èkejì, ẹ ra UPS, ẹ ra switch (àpótí tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀) àti wáyà tó dáa. Ohun tó ń dákú nínú ìdánwò tí mo ti rí, wáyà ni àti iná.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ẹ̀rọ kan náà gbé ìdánwò, owó ilé ìwé, fáìlì àwọn olùkọ́ àti kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú yàrá tirẹ̀ lórí Proxmox (ètò tó ń pín ẹ̀rọ kan sí púpọ̀), ìgbà yẹn ni core púpọ̀, RAM púpọ̀ àti ECC á dùn mọ́ yín. Ibẹ̀ ni Xeon ti mọ iṣẹ́. Ẹ má ra èyí tó rí pẹlẹbẹ bí àtẹ ẹja o. Fáànù inú rẹ̀ kéré, eré tí wọ́n ń sá kì í ṣe kékeré, ẹ ò ní gbọ́ ohùn ara yín nínú ọ́fíìsì.

Sólà_Ògbómọ̀ṣọ́ kọ:

Gbogbo yín ń sọ core, ẹ ò sọ iná. Ẹni tó wà ní Bódìjà, kí ló máa gbé e bí iná bá lọ?

Mo ti fi mítà kékeré sẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì fún oníbàárà mi kan tó ní irú Xeon méjì yẹn. Kò ṣe nǹkan kan o, ó kàn tàn sílẹ̀: wáàtì 130. Ti ẹlòmíràn tó ní 12900K, 60. Ẹ fi ojoojúmọ́ ṣírò ìyẹn nígbà tí ẹyọ iná kan ti lé ní ₦200 fún àwọn tó wà ní Band A.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ti bátìrì. 220Ah méjì lórí ínfátà 24V jẹ́ wáàtì-wákàtí 5,280 lórí ìwé. Bátìrì olómi, ìdajì ni kí ẹ lò bí ẹ kò bá fẹ́ sin ín kíákíá: 2,640. Ínfátà á jẹ bí 15 nínú 100 fúnra rẹ̀. Ó ku nǹkan bí 2,240. Ẹ̀rọ tó ń fa 450, wákàtí 5 ni. Èyí tó ń fa 250, wákàtí 9.

Ẹ má rò pé i9 mọ́wọ́ dúró o. Tó bá ń sáré tán-ín-tán, òun nìkan lè fa 241. Xeon méjì, 120 lọ́nà méjì, 240. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lójú rẹ́ńdà. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú ìsinmi, ìsinmi sì pọ̀ nínú iṣẹ́ fídíò, torí ẹni tó ń gé fídíò máa ń ronú, á mu omi, á gba ìpè. Ẹ tún lè wọ inú BIOS kí ẹ ní kí i9 má kọjá 125. Rẹ́ńdà á pẹ́ díẹ̀ sí i, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára níbi tí ẹ ti ń gé. Ẹ má sì gbé èyíkéyìí nínú wọn lé "I better pass my neighbour". Iná rẹ̀ ń jó ijó tó wù ú.

Àǹtí_Leeds kọ:

Ìbéèrè kan tó yẹ kí n ti bi yín láti òkè: kámẹ́rà wo lẹ ń lò, irú fáìlì wo ló sì ń kọ?

Kámẹ́rà_Ìbàdàn kọ:

Sony A7 IV, àǹtí. XAVC HS 4K, 4:2:2 10-bit. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ló ní kí n máa fi síbẹ̀, pé àwọ̀ rẹ̀ ń gba àtúnṣe dáadáa.

Àǹtí_Leeds kọ:

Ṣé ẹ rí i? Ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Iye core kò bá a tan.

XAVC HS, HEVC ni. Wọ́n ká a mọ́ra gan-an kó lè wọ inú káàdì kámẹ́rà, kọ̀ǹpútà sì gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sún ọwọ́ lórí fídíò. Apá kan wà nínú káàdì àwòrán tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títú u nìkan. Ti RTX 3060 ń tú HEVC 4:2:0, èyí tí àwọ̀ inú rẹ̀ dín kù, kò mọ 4:2:2 tú, èyí tó ń pa àwọ̀ mọ́ jù. Ti láápútọ́ọ̀pù yín náà kò mọ̀ ọ́n, ìdí tó fi ń fò nìyẹn. Àmọ́ láti ìran kọkànlá, Intel ti fi títú HEVC 4:2:2 10-bit sínú ẹ̀yà àwòrán tó wà lára pírósẹ́sọ̀ orí tábìlì fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Quick Sync. 12900K ní in. Xeon E5 v4 kò ní ẹ̀yà àwòrán kankan lára. Bí ẹ bá yọ káàdì yín kúrò, kò ní fi nǹkan kan hàn yín.

Bí ẹ bá ra Xeon méjì yẹn, àwọn core náà ló máa fi ọwọ́ tú gbogbo fídíò, ní 2.9GHz. Ẹ ó na owó yín tán, ẹnu ìyàwó á ṣì máa ṣáájú ohùn.

Nǹkan méjì kí ẹ tó sanwó. Ẹ wo lẹ́tà ìdí orúkọ rẹ̀. 12900K ní ẹ̀yà àwòrán nínú; 12900KF kò ní. Lẹ́tà F yẹn máa ń jẹ́ kó dín owó díẹ̀, àwọn ọlọ́jà á ní "ṣebí ẹ ti ní káàdì". Ẹ má gbà. Èkejì, bí káàdì àwòrán bá wà nínú ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù máa ń pa ti inú pírósẹ́sọ̀. Ẹ wá a nínú BIOS, àwọn kan ń pè é ní iGPU Multi-Monitor, kí ẹ tàn án.

Bí ẹ kò bá tíì fẹ́ náwó rárá, ẹ ṣe proxy: kí Premiere ṣe ẹ̀dà kékeré tó rọrùn tú, kí ẹ fi gé, kó sì padà sí ojúlówó nígbà rẹ́ńdà. Oníbàárà mẹ́ta yẹn kò ní dúró de Computer Village.

ỌmọOtigba kọ:

Àǹtí, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Mo ti ta KF fún onífídíò méjì rí, wọ́n padà wá bínú sí mi, mi ò sì mọ ohun tí mo ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Bí wọ́n bá ní 12900K ti tán, tí wọ́n fẹ́ kó 13900K tàbí 14900K tòkunbọ̀ lé yín lọ́wọ́, ẹ ní sùúrù. Ní 2024, Intel fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ń bèèrè fólítì tó pọ̀ jù, ó sì ń jẹ àwọn kan lára. August ọdún náà ni àtúnṣe 0x129 jáde, inú BIOS ló ń gbà wọlé, wọ́n sì fi ọdún méjì kún gàráǹtì. Àtúnṣe náà kì í wo èyí tó ti bàjẹ́ sàn. Tuntun nínú páálí, kò burú, ẹ kọ́kọ́ tún BIOS ṣe. Tòkunbọ̀, ẹ ò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ìran kejìlá, ti 12900K, kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Kámẹ́rà_Ìbàdàn kọ:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́wàá. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo kọ́kọ́ ṣe proxy bí àǹtí ṣe wí, mo sùn, ó parí láàárọ̀, mo sì fi láápútọ́ọ̀pù yẹn gé iṣẹ́ oníbàárà àkọ́kọ́ tán. Owó rẹ̀ ni mo fi kún tọwọ́ mi. Mo padà sí Ìkẹjà. Ẹni tó fẹ́ tò ó fún mi gbé páálí KF jáde lóòótọ́! Mo ní mi ò fẹ́ F. Ó wò mí títí, ó ní "ta ló sọ fún ẹ?" Mo ní ará ilé mi ni.

Bí mo ṣe dé Bódìjà, mo gbé fídíò sí i, ó tún ń fò. Àyà mi já. Mo fẹ́ẹ̀ máa bú gbogbo yín. Mo wá rántí BIOS. Nínú èyí tí mo rà, "Internal Graphics" ni wọ́n kọ ọ́, "Auto" ló wà, mo sọ ọ́ di "Enabled". Mo wọ Preferences ní Premiere, mo lọ sí Media, mo rí i pé hardware accelerated decoding (kí ẹ̀yà àwòrán máa tú fídíò) ti gba Intel, mo pa Premiere, mo tún un ṣí. Mo fa ọwọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbéyàwó dé ibi tí wọ́n ti ń ná ìyàwó lówó, ó tẹ̀ lé ọwọ́ mi gọ́ọ́gọ́. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi kó wá wò ó.

Mo fi òté 125 sí i bí Ẹ̀gbọ́n Sólà ṣe wí. Ínfátà mi kò tíì ké láti ọjọ́ náà. Ẹ ṣeun gan-an ni, pàápàá ẹ̀yin àǹtí.

Tìsà_CBT kọ:

Ẹ kú oríire o. Ilé ìwé ti gbà pé ẹ̀rọ kan náà ló máa gbé gbogbo iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Bàbá kà sílẹ̀. Xeon méjì tí ẹ fi sílẹ̀ yẹn, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?

ỌmọOtigba kọ:

Tìsà, wọ́n ti gbé e lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo rí i tí wọ́n ń dì í sẹ́yìn ọkọ̀.

Jagun_3D kọ:

Èmi ni.